Ṣé o mọ̀? Bí ìjà ilé aṣòfin ṣe ṣíwájú ìdìbò 2011 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ìjókòó 26 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn ará ìlú, láti Ìjagun dé Ìmẹ̀kọ, ń dìbò yan àwọn tó ń jókòó níbẹ̀. Ìjà tó le jù lọ nínú ilé náà ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Gbenga Daniel ti ẹgbẹ́ PDP.

Gómìnà fẹ́ yá bílíọ̀nù 100 náírà. Aṣòfin 15, tí wọ́n ń pè ní G15, kọ̀ jálẹ̀. Àwọn 11 tó kù, G11, dúró tì í. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, àwọn G11 yọ olórí ilé, Tunji Egbetokun, wọ́n fi Soyemi Coker rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dá G15 dúró. Ó burú jọjọ pé àwọn tí kò tó ìdajì lé àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti ilé náà pa.

Aáwọ̀ náà kò mọ sí ilé aṣòfin nìkan. PDP fọ́ sí méjì: Tunji Olurin ni ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ fún ipò gómìnà, àwọn èèyàn Daniel sì gbé Gboyega Isiaka lọ sí PPN. Nígbà tí ìbò dé ní oṣù Kẹrin 2011, Ibikunle Amosun ti ẹgbẹ́ ACN borí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ọ̀pọ̀ ìjókòó. Suraj Adekunbi di olórí ilé, ó sì wà nípò náà títí di 2019.