Àwòrán Ọ̀nà fún Àwọn Oníkẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gba Àkùngbá kọjá bí a bá ń lọ láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Àkókó. Ọkọ̀ ńlá a máa sáré bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó sìmẹ́ńtì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ ní Àkùngbá, ó sì pa ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà kò ní ohun tí yóò bo ara rẹ̀. Ó yẹ kí ó mọ ibi tí ewu wà kí ó tó dé ibẹ̀.

Àwòrán ọ̀nà lè ràn án lọ́wọ́. Báwo ni a ó ṣe yà á?

Èkínní, ẹ pe àwọn tí ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́. Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá tí ń tajà létí títì. Ojú wọn ń rí ohun tí awakọ̀ kò rí.

Èkejì, ẹ fa ìlà fún ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ ọjà, iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sí i, kí ènìyàn lè mọ ibi tí ó wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi àmì sí ibi tí ènìyàn ti fara pa. Kò tán síbẹ̀ o! Ẹ fi àmì mìíràn sí ibi tí ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbá ènìyàn. Ohun tí ó ṣèèṣì yẹ̀ lánàá lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ẹ fi ọfà sí ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì kọ ìgbà tí ewu pọ̀ jù: ọjọ́ ọjà, alẹ́, tàbí àsìkò òjò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe. Níbo ni kí ó ti sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́? Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wo ni ó dára jù? Níbo ni ilé ìwòsàn wà? Ẹ kọ 122 sí i pẹ̀lú, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Bí wọ́n bá dí kòtò, ẹ pa àmì rẹ̀ rẹ́. Àwòrán tí a kò tún ṣe yóò tan ènìyàn jẹ.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ẹ mú ọ̀kan lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ráhùn, wọ́n lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ogún ènìyàn bá tọ́ka sí ibì kan náà lórí ìwé, ọ̀rọ̀ di ti ìlú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.