Ìdàgbàsókè àti Ìlànà Iṣẹ́ Ilé Oúnjẹ Písà Domino's ní Nàìjíríà

Ìfáárà

Jíjẹ oúnjẹ tí a rà níta kì í ṣe àṣà tuntun láàárín Yorùbá. Olóúnjẹ wà ní ọjà, ó wà ní oríta, ẹni tí ó bá sì ń kánjú mọ ibi tí yóò ti ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni kí ilé oúnjẹ kan ní ẹ̀ka ní ìlú púpọ̀, kí oúnjẹ tí a jẹ ní ẹ̀ka kan má sì yàtọ̀ sí èyí tí a jẹ ní òmíràn. Mr Bigg's, tí ilé-iṣẹ́ UAC dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1986, wà lára àwọn tí ó mú irú ètò yìí gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2012 ni Domino's, tí ó ń ta písà, dé. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí ilé oúnjẹ yìí ṣe gbilẹ̀ àti bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń lọ. A ó sì fi hàn pé orúkọ òkè òkun tí ó ń jẹ́ kọ́ ni ó sọ písà di oúnjẹ àjèjì. Ibi tí àlìkámà àti wàràkàṣì rẹ̀ ti ń wá ni.

Oúnjẹ àwọn ará Ítálì ni písà. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni a ń pò pẹ̀lú ìwúkàrà, tí a ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a ń fi ọbẹ̀ tòmátò àti wàràkàṣì bò, tí a sì ń yan nínú ààrò gbígbóná.

Bí orúkọ náà ṣe dé Nàìjíríà

Ní ọdún 1960 ni Tom Monaghan àti James, tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ra ìsọ̀ písà kékeré kan ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1965 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Domino's. Láti ọdún 1967 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń ta ẹ̀tọ́ ìlò orúkọ rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò mìíràn, ó sì kọjá ààlà Amẹ́ríkà lọ sí Winnipeg ní Kánádà ní ọdún 1983.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ètò ìlò orúkọ yìí. Ẹni tí ó ni orúkọ kò fi owó ara rẹ̀ ṣí ẹ̀ka tuntun. Oníṣòwò tí ó gba àṣẹ ni yóò wá ilé, tí yóò ra ẹ̀rọ, tí yóò gba òṣìṣẹ́, tí yóò sì máa san ìdá kan nínú owó tí ó ń wọlé fún ẹni tí ó ni orúkọ. Òun náà yóò rí orúkọ tí ayé ti mọ̀ lò, yóò sì rí ìlànà ìdáná àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbà. Ṣùgbọ́n bí ọjà kò bá tà, oníṣòwò ìbílẹ̀ ni àdánù náà máa ń kọ́kọ́ bá.

Ní Nàìjíríà, Eat'N'Go ni ilé-iṣẹ́ tí ó gba àṣẹ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni ó ṣí ìsọ̀ àkọ́kọ́ ní Victoria Island ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni ó tàn káàkiri Èkó, tí ó dé Ìbàdàn, Abuja, Port Harcourt àti àwọn ìlú mìíràn. Ní ọdún 2021 ó nasẹ̀ iṣẹ́ náà dé Kẹ́ńyà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹni tí ó bá wọ ìsọ̀ Domino's lè rí òṣìṣẹ́ tí ń na ìyẹ̀fun. Ohun tí kò ní rí ni ibi tí a ti pò ó. Nínú ètò Domino's, ilé ìpèsè kan ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka púpọ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń wọn ìyẹ̀fun, tí a ń pò ó, tí a sì ń gé e ní ìwọ̀n kan náà. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ni ó ń kó o lọ sí àwọn ẹ̀ka. Òtútù ni kì í jẹ́ kí ìwúkàrà tètè ṣiṣẹ́. Bí ooru bá mú ìyẹ̀fun náà lójú ọ̀nà, yóò wú kọjá ààlà, kò sì ní wúlò mọ́. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ lè dé lásìkò ni ẹ̀ka tuntun lè wà. Ní orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná kì í dúró, ìnáwó orí jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ wà nínú iye owó písà kọ̀ọ̀kan.

Láti dín ìnáwó yìí kù, ilé-iṣẹ́ náà fi áìsìkirímù Cold Stone, tí ó gba àṣẹ tirẹ̀ pẹ̀lú, sí abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú písà ní ibi púpọ̀. Owó ilé kan àti jẹnẹrétọ̀ kan ni ó ń gbé ọjà méjì ró.

Alùpùpù ni a fi ń gbé písà lọ bá oníbàárà nílé. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn Domino's lórí èyí. Nígbà kan ní Amẹ́ríkà, ó ṣèlérí pé písà yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 30. Ní ọdún 1993 ó fòpin sí ìlérí náà, lẹ́yìn tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti gbé e dé ilé ẹjọ́.

Ibi tí àwọn èròjà ti ń wá

Kí oúnjẹ yìí lè bá ẹnu àwọn oníbàárà mu, a fi sùyà kún un. Èyí dára, ṣùgbọ́n orí písà ni sùyà wà. Ìpìlẹ̀ kò yí padà. Ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àlìkámà tí à ń lò ní Nàìjíríà tí ó ń ti òkè òkun wá. Àlìkámà fẹ́ ìgbà òtútù àti omi ìbomirin, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ àríwá bíi Kano, Jigawa àti Kebbi ni a ti ń gbìn ín.

Ti wàràkàṣì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi lítà wàrà tútù 10 ni a fi ń ṣe kílò kan, màlúù àwọn Fúlàní kì í sì í mú wàrà púpọ̀ jáde. Ẹnìkan lè béèrè pé: wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi ewé bọ̀mubọ̀mu mú dì ńkọ́? Wàrà yìí kì í yọ́ nínú iná. Dídín ni a ń dín in. Ti písà gbọ́dọ̀ yọ́ kí ó sì fà.

Òfin ìjọba náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ọjà 41 tí kò ní fún àwọn tí ń kó o wọlé ní owó òkèèrè láti rà. Tòmátò, ẹran àti adìyẹ wà lára wọn. Àlìkámà kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátò jẹ́ ní Kaduna àti agbègbè rẹ̀, owó tòmátò sì fò sókè. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré ni báńkì náà fún láàyè láti rí owó òkèèrè ra wàrà. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ó tó ká òfin ti ọdún 2015 kúrò. Nígbà tí a ṣí ìsọ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bíi náírà 160 ni dọ́là kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó ti kọjá náírà 1,400. Oníṣòwò tí ó ń fi náírà ta ọjà, tí ó ń fi dọ́là ra èròjà, ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù.

Ìgúnlẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó pe písà ní oúnjẹ wa tàbí ti àlejò, èròjà rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò. Òfin tí ó dínà fún ọjà òkèèrè nìkan kò mú wàrà jáde lára màlúù, kò sì fa omi wọ oko àlìkámà. Ilé ìkówàràjọ tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù nítòsí àwọn darandaran, àti omi ìbomirin fún àgbẹ̀, ni ó lè ṣe é. Olùkọ́ ìmọ̀ okòwò tàbí ti ètò ìdáná lè lo àpẹẹrẹ yìí nínú kíláàsì: kí akẹ́kọ̀ọ́ to èròjà písà kan lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ èyí tí àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ wọn lè pèsè.