Ṣé O Mọ̀? Láti Òkè Láńgbòdó Dé Inú Géèmù

Ṣé o mọ̀ pé o lè yí gbogbo ilé géèmù tó wà ní Rumuigbo po, ní Port Harcourt, kí o má bá ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣe RPG (role-playing game)? Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iye ìdíje tí o bá gbá ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ, ìdíje kan kì í sì í pẹ́ parí. RPG ńkọ́? Òmíràn ń gba wákàtí 40, òmíràn ń gba 100, kí ìtàn inú rẹ̀ tó dópin. Onílé géèmù wo ni yóò fi páàdì sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo lẹ́yìnkùlé? Inú yàrá ni ẹni tó bá fẹ́ràn RPG ti ń ṣe é, lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Nínú RPG, o máa ń gbé ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù: o di ọdẹ, o di oṣó, o di ọmọ ọba tí wọ́n lé lórí oyè. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, ìka rẹ ló ń mọṣẹ́ sí i lójoojúmọ́. Nínú RPG, ẹni tí o gbé wọ̀ ló ń dàgbà. Bí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò mọ nǹkan kan, kò ní nǹkan kan. Gbogbo ìjà tó bá jà ni géèmù ń ṣírò fún un. Bí ìṣirò náà bá pé, ó gun àkàsọ̀ kan, agbára rẹ̀ lé sí i, títí yóò fi gba òmìnira.

Ṣé o mọ̀ pé orí tábìlì ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì? Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Iṣẹ́ ìbánigbófò ni Gygax ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà ló ń tún ṣe nínú ilé. Nínú géèmù náà, ẹnì kan á máa pa ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ẹ̀mí. Níbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀tá bá ti gbá ọ lẹ́ẹ̀kan, o kú nìyẹn. Àwọn òṣèré kò gbà, torí wọ́n ti fẹ́ràn ẹni tí wọ́n gbé wọ̀. Arneson bá lọ yá òfin kan láti inú eré ogun ọkọ̀ ojú omi onírin: ọkọ̀ kì í rì nítorí ọta kan, iye ọta tó lè gbà ní òǹkà. Bó ṣe di pé èèyàn inú géèmù ní iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó kú nìyẹn. 

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan lára RPG àkọ́kọ́ inú kọ̀ǹpútà fi orúkọ ẹ̀kọ́ bo ara rẹ̀? Lọ́dún 1975, ní Yunifásítì Illinois, wọ́n pe géèmù kan ní pedit5, kí àwọn alábòójútó lè rò pé fáìlì iṣẹ́ ni. Àwọn alábòójútó jágbọ́n rẹ̀, wọ́n sì pa á rẹ́. Lọ́dún 1979, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Texas, Richard Garriott, kó géèmù tirẹ̀, Akalabeth, sínú ọ̀rá, ó sì ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di 1981, òun náà ló ṣe Ultima. Ọdún kan náà ni Wizardry jáde, tó jẹ́ kí o kó ẹgbẹ́ jọ: alágbára kan, oníṣẹ́ oògùn kan, olè tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àpótí.

Ẹgbẹ́ tí oníkálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá! Ẹni tó bá ka ìwé ìtàn Fágúnwà á rẹ́rìn-ín. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọdún 36 ṣáájú Gygax. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-ògún, ọdẹ inú ìtàn náà, lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Kàkó mú kùmọ̀, Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ mú ọrun àti ọfà, Ìmọ̀dòye mú ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ mú ohùn. Mi ò sọ pé wọ́n jí i wò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ọmọ Yorùbá tó yẹ kó bi wá pé kí ni RPG.

Ṣé o mọ̀ pé èdè ló gbé RPG dé ilé àwọn ará Japan? Yuji Horii, ará Japan tó ń ṣe géèmù, rí Ultima àti Wizardry, ó fẹ́ràn wọn, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹrù gbogbo ayé. Lọ́dún 1986 ó ṣe Dragon Quest ní èdè Japan, fún ẹ̀rọ géèmù tó wà ní pálọ̀. Àyè tó ní kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Fọ́tò kan nínú fóònù rẹ ju ìyẹn lọ dáadáa. Gbogbo lẹ́tà katakana ti èdè Japan kò lè wọlé, èyí tó ṣẹ́ kù ló fi sọ àwọn ẹranko àti ìlú lórúkọ. Géèmù náà kò lè rántí ibi tí o dé, nítorí náà ó máa ń fún ọ ní ọ̀rọ̀ ìmúsọjí oní-lẹ́tà 20 láti fi báírò kọ sínú ìwé. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan kọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wọ igbó. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ìwé ò kú. Ará Rumuigbo á mọ rírì ìyẹn. Ní July 23, 2021, nígbà tí àwọn eléré ìdárayá ayé ń wọ pápá Olympics ní Tokyo, orin Dragon Quest ni wọ́n fi ṣí ìwọ́de wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Rumuigbo kan ti jà fún irú ohun tí Horii ṣe yẹn ní ọdún 23 ṣáájú? Obi Wali ni. Ní September 1963, nínú ìwé ìròyìn Transition, ó kọ ọ́ pé ẹ̀ka ìwé Áfíríkà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọ kò lè débì kankan, àfi ká padà sí èdè abínibí. Inú bí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sí i. Ngũgĩ wa Thiong'o tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò nínú Decolonising the Mind, tó jáde ní 1986, ọdún Dragon Quest gan-an. Títì tí wọ́n fi orúkọ Wali pè ṣì wà ní Rumuigbo, ọmọ géèmù sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí o dé Tokyo kí o tó rí RPG tí ìtàn rẹ̀ jọ tiwa? Ní Yaoundé, ní Cameroon tó pààlà pẹ̀lú wa, Olivier Madiba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní December 2013. Ní April 2016 ni wọ́n gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Enzo, ọmọ ọba Zama, ni o máa gbé wọ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ kó jọba, tó sì yẹ kó gbéyàwó, àna rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Erine, bọ́ sọ́nà. Agbára tí Enzo fi ń jà, tí wọ́n ń pè ní Aurion, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti ń wá. Géèmù tí òkú ọ̀run ti ń gbèjà ọmọ wọn, ṣé wọ́n tún ń ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó mọ eégún?

Tọkọtaya náà kì í dákẹ́. Wọ́n ń takurọ̀sọ, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ ara wọn lẹ́kún lójú ọ̀nà. Nígbà tí géèmù náà jáde, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, èdè méjèèjì tí Wali bá jà, ni wọ́n fi ń sọ ọ́.