Olùfisùn Kọ́ Ni Adájọ́

Ní oṣù Kejì ọdún 2007, ìyálọ́mọ kan ní Pennsylvania, Stephanie Lenz, gbé fídíò ọmọ rẹ̀ tó ń jó nínú ilé ìdáná sórí YouTube. Kò gùn ju ìṣẹ́jú àáyá 29 lọ. Orin Prince ń dún lábẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ já geere. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, iléeṣẹ́ Universal tó ń bójú tó orin náà fẹ̀sùn kàn án pé ó lo orin láìgbàṣẹ, YouTube sì yọ fídíò ọ̀hún láìgbọ́ tẹnu ìyá ọmọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àmọ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998 fàyè gbà á. Bí iléeṣẹ́ bíi YouTube bá tètè yọ ohun tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kò ní san owó ìtanràn. Ta ni yóò wá dúró yẹ ẹ̀sùn wò?

Ẹni tí wọ́n yọ tirẹ̀ lè kọ̀wé fèsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni yóò fi dúró kí wọ́n tó dá a padà. Ní 2003, Diebold tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò fi òfin yìí lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ lẹ́tà inú iléeṣẹ́ náà jáde, lẹ́tà tó sọ àbùkù ẹ̀rọ wọn. Ilé ẹjọ́ dá Diebold lẹ́bi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì san 125,000 dọ́là. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí olùfisùn bọ́ bó bá ṣáà ti gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Ní 2015 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ nínú ẹjọ́ Lenz pé kí olùfisùn kọ́kọ́ rò ó bóyá òfin gba irú ìlò náà láàyè. Ọmọ tó ń jó ti dàgbà.

Olórin àti onífíìmù yóò ní bí àwọn bá ń dúró de adájọ́, olè á ti pa owó tán. Wọn ò parọ́, ìdí sì nìyí tí òfin Nàìjíríà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 náà fi fàyè gba yíyọ kíákíá. Kó máa yá bẹ́ẹ̀. Kìkì pé kí ẹ̀sùn tí olùfisùn ìbá ti mọ̀ pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ká ní ó yẹ̀ ẹ́ wò, di gbèsè sí i lọ́rùn. Bó bá ní ẹ̀rọ ló fẹ̀sùn náà, ṣebí òun ló rán ẹ̀rọ níṣẹ́, kó sanwó.