Iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ ẹnì kan: ṣé dandan ni kí ọ̀gá mọ̀ sí i?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ewé yìí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè lónìí: ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ṣé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe? Olùkọ́ tó jáde nílé ìwé lọ́sàn-án, ilé olówó ló ń gbà lọ láti kọ́ àwọn ọmọ wọn ní lẹ́sìnnì. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán nílé ìwòsàn ìjọba, ilé ìwòsàn aládàáni ló ti ń mójú mọ́. Dẹ́rẹ́bà ilé iṣẹ́ ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kérò lálẹ́. PP ni wọ́n ń pè é nígboro.

A ò lè dá wọn lẹ́bi. Lọ́dún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà, láti orí 30,000 tó wà láti ọdún 2019. Ẹni tó ń san owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ, tó tún ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, mọ̀ pé owó yẹn kì í pẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀nà kan ò sì wọjà. Àmọ́ ṣé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ kejì?

Ohun tí òfin sọ

Ti òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999. Ìlànà ìwà tó wà nínú Àfikún Karùn-ún rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lákòókò kíkún kò gbọdọ̀ máa darí òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni. Kò sì gbọdọ̀ máa gba owó oṣù ipò ìjọba méjì pa pọ̀. Ohun kan ni wọ́n yọ sílẹ̀: iṣẹ́ àgbẹ̀. Akọ̀wé ìjọba tó dá oko ẹ̀gẹ́ kò rú òfin, ṣùgbọ́n èyí tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó sì ń jókòó tì í ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ti ilé iṣẹ́ aládàáni yàtọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló máa mú un. Ọ̀pọ̀ ni kì í ka ìwé yìí tán kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó lọ wá tirẹ̀ jáde. Bó bá wà níbẹ̀ pé kó gbàṣẹ, kó gbà á ní kíkọ sílẹ̀, nítorí àṣẹ ẹnu lásán ò ṣeé gbára lé lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá yí ohùn padà.

Nílẹ̀ Yúróòpù, àjọ European Union ṣòfin lọ́dún 2019 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ míì lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ rẹ̀, àfi bí ìdí gidi bá wà, bí ìlera, ààbò, tàbí àṣírí ilé iṣẹ́. Lójú tiwa, èyí bọ́gbọ́n mu. Ọ̀gá tó sanwó wákàtí mẹ́jọ kò ra wákàtí mẹ́rìndínlógún tó kù. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kejì bá jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, tàbí tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, ó yẹ kí ọ̀gá mọ̀. Ta ni yóò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì tí kò sùn mọ́jú gún òun lábẹ́rẹ́?

Ara náà ní àṣẹ tirẹ̀

Bí ọ̀gá bá tiẹ̀ gbà, ara lè má gbà. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á náà fi ìdá 17 jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún, jẹ́ 40. Bí ọmọ yín bá fi wákàtí mẹ́ta kún un lálaalẹ́, ó ti pé 55. Ìwádìí sì fi hàn pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe bíi ti ẹni tó ti mutí. Dẹ́rẹ́bà tó jí láago mẹ́rin ìdájí ti débẹ̀ tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ kíyè sí ọmọ yín. Bó bá ń tòògbé nídìí oúnjẹ, tí orí ń fọ́ ọ léraléra, tó ń kanra mọ́ ìyàwó àtọmọ, ẹ ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Kó sùn tó wákàtí méje, ó kéré tán. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko nínú ọjọ́ méje. Kí iṣẹ́ kejì má gba ọjọ́ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ méjèèjì bá ti ń fa ara wọn ya, kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin àgbà, tiwa ni. Nígbà míì, ohun tí a ń béèrè nílé ló ń lé ọmọ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Bó bá fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, tí kò tó bó ṣe máa ń tó, ẹ má bi í pé ibo ni ìyókù wà. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé aago mélòó ló sùn lánàá.