Àáké àtijọ́: iná ló ń pa á, kì í ṣe ìpẹtà

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Wilderness Act. Òfin náà ní kí àwọn igbó kan wà bí Ọlọ́run ṣe dá wọn: kí wọ́n má la títì síbẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ohun tó ń lo ẹ́ńjìnnì wọ ibẹ̀, àyàfi tó bá pọndandan láti bójú tó ibẹ̀, bí ìgbà pàjáwìrì. Éékà mílíọ̀nù 9.1 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí ó ti lé ní mílíọ̀nù 111. Ṣùgbọ́n igi kò mọ òfin. Ó ń wó dí ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó wọ̀nyí, ẹni tí wọ́n bá sì rán lọ gé e kò lè gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dání. Àáké àti ayùn àfọwọ́fà ló kù.

Ìdí nìyí tí àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba níbẹ̀, US Forest Service, fi tẹ ìwé kan jáde ní 1999 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ An Ax to Grind. Bernie Weisgerber ló kọ ọ́. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pọ́n àáké, bí wọ́n ṣe ń yọ erú tó ti kán, ìyẹn igi tí ọwọ́ ń dì mú, àti bí wọ́n ṣe ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó rán èèyàn lọ sínú òṣùpá ní 1969 ló ń tẹ ìwé lórí erú àáké ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Kò sì sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ aráyé.

Àáké tí wọ́n ń tún ṣe báyìí sábà máa ń ju ẹni tó dì í mú lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ wo ti Collins. Ní 1826, Samuel Collins àti David, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, pẹ̀lú ìbátan wọn William Wells, dá ilé iṣẹ́ àáké sílẹ̀ létí odò Farmington ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ṣáájú ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ àdúgbò ló ń rọ àáké, ẹni tó bá rà á ni yóò sì lọ wá òkúta tí yóò fi pọ́n ọn. Collins ń ta tirẹ̀ ní pípọ́n, kí ẹni tó rà á lè máa lò ó lójú ẹsẹ̀. Ọjà náà tà débi pé wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ ní England, ilé iṣẹ́ náà sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀ ní 1857, ó sì jàre. Àdá Collins tàn ká Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù Kàríbíà, ó dé Kúbà níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń gé ìrèké. Ní 1857 kan náà, John Brown, ọkùnrin tó kórìíra òwò ẹrú, bẹ Charles Blair, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan ní ilé iṣẹ́ Collins, pé kó rọ ẹgbẹ̀rún kan ọ̀kọ̀ fún òun ní dọ́là kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òun lè fi di àwọn ẹrú níhàámọ́ra. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kọlu Harpers Ferry, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ohun ìjà sí. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1966, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ṣì kún ọjà àlòkù.

Ẹni tó bá ra àáké kékeré kan bẹ́ẹ̀, tí ìpẹtà ti bò mọ́lẹ̀, kò tíì mọ ohun tó rà. Àmì ilé iṣẹ́ lè wà lábẹ́ ìpẹtà náà: ti Collins ni apá kan tó di òòlù mú, tó yọ láti inú adé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ LEGITIMUS nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìlọ irin tì í kíákíá lè lọ orúkọ rẹ̀ dànù. Fínígà ilé ìdáná tó fún iṣẹ́ náà. Ásíìdì inú rẹ̀ máa ń tú ìpẹtà pupa kúrò lára irin. Kí wọ́n rì í sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi omi oníṣódà ṣan án kí ásíìdì má baà ṣẹ́kù sára rẹ̀, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n sì fi epo pa á lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní tútù, yóò tún dípẹtà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìpẹtà dúdú tó lẹ̀ mọ́ irin yàtọ̀ sí pupa. Òun kì í jẹ irin lọ, ó ń dáàbò bò ó ni, ó sì yẹ kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń lo iná mànàmáná láti fi yọ ìpẹtà nínú omi oníṣódà. Ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi irin tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, ṣe irin kejì tí iná náà ń gbà nínú omi náà, torí krómíọ̀mù olóró lè jáde látinú rẹ̀.

Ìpẹtà kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Iná ni ọ̀tá àáké.

Nígbà tí erú bá kán, tí ìdajì rẹ̀ há sínú ihò irin, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹlòmíràn ni kó ju gbogbo rẹ̀ sínú iná kí igi náà jó dànù. Igi á jó lóòótọ́. Ẹnu àáké ni yóò kú. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ọ́, ó mú ẹnu rẹ̀ pọ́n nínú iná, ó sì rì í bọ omi tàbí òróró lójijì. Irin tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń le bíi dígí, ó sì máa ń fọ́ bíi dígí. Nítorí náà, alágbẹ̀dẹ á tún fi ooru díẹ̀ rọ̀ ọ́, á sì máa wo àwọ̀ tó ń yọ lójú irin náà: ní nǹkan bíi 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, á di àwọ̀ ilẹ̀ bó bá ti tó 255, á di elésèé àlùkò, ní nǹkan bíi 300, á di àwọ̀ aró. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ́síjìn dá sójú irin ló ń mú àwọ̀ wọ̀nyí wá. Ibi tí ẹnu àáké ti yẹ kó dúró kò jìnnà sí àárín wọn. Iná igi sì máa ń kọjá 500 láìfi bẹ́ẹ̀ làágùn. Àáké tó bá jáde nínú rẹ̀ ṣì jọ àáké, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á máa tẹ̀ lójú igi líle, kò sì sí pípọ́n tó lè wò ó sàn. Àfi kó padà sí ilé alágbẹ̀dẹ.

Ẹ̀rọ ìlọ irin náà lè ṣe iṣẹ́ ibi yìí, tí ẹni tó ń lò ó kò bá ń rì irin bọ omi léraléra. Bí ìka bá ti ń fẹ́ sá kúrò lára rẹ̀, ooru náà ti ń pọ̀ jù. Fáìlì lọ́ra, ṣùgbọ́n fáìlì kì í jó irin. Èyí tó rọrùn jù fún erú tó há ni kí wọ́n fi ayùn gé igi náà síbi tó ti jáde nísàlẹ̀ irin, kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò sára ìyókù, kí wọ́n sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a láti ìsàlẹ̀ jáde sókè.

Láti ìsàlẹ̀ sókè, torí ihò àáké Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù fẹ̀ lókè ju àárín lọ. Erú tuntun á gba ìsàlẹ̀ wọlé, wọ́n á ti fi ayùn la orí rẹ̀ sí méjì, wọ́n á wá gbá èèkàn pẹlẹbẹ kan sáàárín ìlà náà. Orí igi á ṣí, á kún apá òkè ihò náà, irin kò sì ní lè yọ fò mọ́. Ti àáké ìbílẹ̀ wa yàtọ̀ pátápátá: irin ló ń wọ inú igi. Orí erú tó nípọn ni wọ́n dá ihò sí, ìrù irin ni wọ́n sì kì bọ̀ ọ́, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi gé igi ni irin náà ń wọlé sí i. Kò nílò èèkàn kankan. Ó sì lè jẹ́ pé òun ló gbọ́n jù fún ẹni tó ń gé igi nínú oko tó jìnnà sí ilé alágbẹ̀dẹ.

Igi wo ló yẹ? Ní Amẹ́ríkà, hickory ni. Ní Yúróòpù, ash. Wọ́n le, wọ́n sì máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó kán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníbàárà fi ń kọ hickory pupa, tí wọ́n ń béèrè funfun, nítorí wọ́n gbà pé inú igi kò lágbára tó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé ìwádìí igi ìjọba tó wà ní Madison, ní Wisconsin, tí wọ́n ṣí ní 1910, dán an wò: bí ìwúwo wọn bá dọ́gba, pupa àti funfun ò yàtọ̀. Ohun tó yẹ kí ojú wò ni bí ìlà inú igi náà ṣe rìn. Bí ìlà náà bá bá erú lọ láti orí dé ìdí, yóò pẹ́. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ jáde láàárín, ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣán, bó ti wù kí ó dán tó.

Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn rẹ̀ bó bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ ni ó ń súnkì, ìbú yẹn ló sì wà nínú ihò irin. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àáké tí wọ́n fi igi tútù ṣe fi ń mì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn kan á rì í sínú omi kí igi lè wú. Yóò mú lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí igi ṣe ń wú nínú irin tí kò yẹ̀ ni iṣan rẹ̀ ń fọ́, bó bá sì gbẹ padà, á kéré ju ti àná lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá ń ti erú wọlé, ó ní ọ̀nà kan tó ń ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu. Wọ́n kì í kan àáké náà mọ́lẹ̀. Ọwọ́ á gbé e sókè pẹ̀lú irin rẹ̀ nísàlẹ̀, ní fífi kọ́ sófuurufú, wọ́n á wá fi òòlù onígi lu ìdí erú náà láti òkè. Erú á lọ sísàlẹ̀. Irin á dúró síbi tó wà nítorí ìwúwo rẹ̀, á sì dà bíi pé ó ń gun igi náà bọ̀ wá sókè.

Òróró linseed tí wọ́n ń pè ní sísè ni wọ́n fi ń pa erú níkẹyìn. Ọ́síjìn ló ń mú kó gbẹ, kì í ṣe pé omi inú rẹ̀ ń lọ, ó sì ń mú ooru wá bó ṣe ń gbẹ. Àkísà tí wọ́n fi pa á, tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀ kan, lè gbiná fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ láìsí ẹni tó ṣá iná sí i. Ilé ti jó nípa rẹ̀ rí. Kí wọ́n tẹ́ ẹ síta gbalaja títí yóò fi gbẹ, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí kí wọ́n tó dà á nù.