Ta Ni A Ó Kọ́kọ́ Tọ́jú? Bí Olórí Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ Ní Ilé Ìwòsàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti jókòó rí lórí àga gígùn ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí a ń retí kí wọ́n pe orúkọ wa. Bí a ti ń retí, zémíjàn kan dé, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ní apá rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì gba ọmọ náà wọlé lẹ́sẹ̀kan náà. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní owó ni ìyá ọmọ náà fún wọn. Ẹlòmíràn á ní ìbátan nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tí ó ti dé láti aago mẹ́fà á fi ìbínú dìde, á sì padà sí ilé láìgba ìtọ́jú.

A kò lè sọ pé ojúsàájú kò sí ní ibì kankan. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a rí yẹn kì í ṣe ojúsàájú rárá. Òfin iṣẹ́ ìtọ́jú ni. Ẹni tí ewu sún mọ́ jù lọ ni a ń kọ́kọ́ dá lóhùn, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ó ń rí i pé a pa òfin yìí mọ́ lójoojúmọ́ ni olórí nọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀mí àwa àti àwọn ọmọ wa lè wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ olórí nọ́ọ̀sì?

Ní ilé ìwòsàn, a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnì kan ní « major ». Òun ni olórí nọ́ọ̀sì. Dókítà a máa wá, a máa wo aláìsàn, a máa kọ oògùn, lẹ́yìn náà a lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Olórí nọ́ọ̀sì ni ó ń rí i pé ohun tí dókítà kọ di ṣíṣe: pé a fún aláìsàn ní oògùn ní wákàtí tí ó yẹ, pé a pààrọ̀ aṣọ ojú egbò, pé ibùsùn mọ́, pé ẹnì kan wà tí yóò ṣọ́ àwọn aláìsàn ní òru. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn abúlé, dókítà kò tilẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni wọ́n ń gbé ẹrù náà.

Ènìyàn kan kò lè fi ọwọ́ méjì ṣe gbogbo èyí. Nítorí náà, ohun méjì ni olórí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú, àti ẹni tí ó yẹ kí a fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé lọ́wọ́. Bí ó bá ṣi èkínní ṣe, aláìsàn lè kú lórí àga níbi tí ó ti ń dúró. Bí ó bá ṣi èkejì ṣe, ẹni tí kò mọ̀ nípa oògùn lè fún aláìsàn ní oògùn tí yóò pa á lára.

Florence Nightingale, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1820, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1854, ó kó nọ́ọ̀sì 38 lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Kriméà. Ní ọdún 1860, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú London. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú aláìsàn, ó fi yé ni pé iṣẹ́ olórí kì í ṣe kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo. Iṣẹ́ olórí ni láti ṣètò, kí ohun tí ó yẹ lè máa di ṣíṣe nígbà tí òun kò sí níbẹ̀.

Bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà

Àwọn obìnrin wa mọ ohun tí èdè Faransé ń pè ní « trier ». Kí a tó se ẹ̀wà, a máa ń tẹ́ ẹ sí orí àtẹ, a máa ń ṣa òkúta kúrò, a sì máa ń ya èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn oníṣègùn ti mú ọ̀rọ̀ « triage ». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a yára wo gbogbo aláìsàn tí ó dé, kí a sì yà wọ́n sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn wọn ti le tó. Dominique-Jean Larrey, dókítà nínú àwọn ọmọ ogun Napoléon, wà lára àwọn tí ó fi ìlànà yìí lélẹ̀. Ó ní ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ léwu jù lọ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, ìbáà ṣe ọ̀gágun tàbí ọmọ ogun lásán.

Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti pín àwọn ọmọdé tí ó ń ṣàìsàn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti àwọn tí kò lè dúró rárá: ọmọ tí kò lè mí dáadáa, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ tutù tí ìlù ọkàn rẹ̀ sì ń sáré láìlágbára, ọmọ tí ó dákú, ọmọ tí gìrì mú, àti ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí ó yẹ kí a mú wá sí iwájú: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná púpọ̀, ọmọ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí ó rù gan-an, ọmọ tí iná jó, àti ọmọ tí ó gbé májèlé mì.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí ó lè dúró de ipò wọn láìsí ewu.

Ìlànà yìí ti so èso. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì, ọmọ 10 sí 18 nínú 100 tí a dá dúró fún ìtọ́jú ni ó ń kú. Àwọn òṣìṣẹ́ tún ibi tí a ti ń gba àwọn ọmọdé tò, wọ́n kọ́ bí a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀ àti bí a ti ń dá àwọn tí ó wà nínú ewu lóhùn ní kíákíá, wọ́n sì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Iye àwọn ọmọ tí ó ń kú sọ̀ kalẹ̀ sí 6 títí dé 8 nínú 100. Ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé àkókò OMS ní ọdún 2006.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Igbe kọ́ ni a fi ń mọ àìsàn tí ó le. Ọmọ tí ó ń sunkún kíkan ní èémí láti fi sunkún. Èyí tí ó dákẹ́, tí kò bìkítà mọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba nọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá.

Alẹ́ kan ní ilé ìwòsàn

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká sọ pé aago mẹ́jọ alẹ́ ni. Olórí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbẹ̀bí kan, nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti olùrànlọ́wọ́ kan. Ènìyàn 5 dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kan wà tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n ó ń pariwo gidigidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin kan ń rọbí. Ìyá kan gbé ọmọ ọdún méjì tí ó dákẹ́, tí ojú rẹ̀ kò dúró sí ibì kan. Ìyá àgbà kan sì wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ tí ó ti tán.

Ta ni ó yẹ kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ta ni? Olórí nọ́ọ̀sì pe nọ́ọ̀sì kékeré, àwọn méjèèjì sì gba ọmọ tí ó dákẹ́. Àìsàn tí ó le jù ni ó fi ojú ara rẹ̀ wò. Ó fi obìnrin tí ó ń rọbí lé agbẹ̀bí lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní: « Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tàbí bí ọmọ kò bá tètè mí, ẹ pè mí. » Ó wá kọjú sí olùrànlọ́wọ́: « Fún ẹni tí ó ń wúkọ́ ní ìbòmú, kí ó jókòó sí ìta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Máa wo ẹsẹ̀ bàbá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń dà, tẹ aṣọ mọ́ ọn, kí o sì pè mí. Lẹ́yìn náà, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o wá sọ fún mi. »

Ìdajì wákàtí kò tíì pé tí olùrànlọ́wọ́ fi dé. Ó ní: « Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Nọ́mbà ìyá àgbà ga púpọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. » Ẹni tí ó wà ní ìparí ìlà ti di ẹni iwájú. Olórí nọ́ọ̀sì fi ọmọ tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kékeré, ó lọ wo ìyá àgbà, ó sì pe ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù.

Èyí náà jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pín ètò ìlera sí ẹkùn 34 tí a ń pè ní « zone sanitaire ». Pobẹ́, Adja-Ouèrè àti Kétu wà nínú ẹkùn kan. Ṣábẹ àti Ouèssè wà nínú òmíràn. Nọ́ọ̀sì tí ó tètè mọ̀ pé àìsàn kan ju agbára ilé ìwòsàn òun lọ, tí ó sì tètè fi aláìsàn ránṣẹ́, ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè márùn-ún kí a tó rán ènìyàn níṣẹ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ilé ìwòsàn. Kí olórí nọ́ọ̀sì tó pín iṣẹ́, ìbéèrè márùn-ún ni a kọ́ ọ láti bi ara rẹ̀.

1. Ṣé irú iṣẹ́ tí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni? Olùrànlọ́wọ́ lè wọn ìgbóná ara, ó lè wẹ aláìsàn, ó lè bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìpinnu lórí ìtọ́jú kò sí ní ọwọ́ rẹ̀.

2. Ṣé ipò aláìsàn gbà á? Wíwẹ ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá rọrùn. Wíwẹ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

3. Ṣé ẹni tí mo fẹ́ rán mọ iṣẹ́ náà?

4. Ṣé mo ti ṣàlàyé tó? « Máa wò ó » kò tó. Ó yẹ kí a sọ ohun tí yóò wò, ìgbà tí yóò wò ó, àti ohun tí yóò mú kí ó pe olórí.

5. Ṣé mo ti padà lọ wo bí iṣẹ́ náà ti rí?

Bí olórí bá tilẹ̀ pín iṣẹ́, ó ṣì ń jíhìn lórí rẹ̀. Kò lè sọ pé ọmọdé ni ó bà á jẹ́. Ẹni tí a rán náà ní ojúṣe tirẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá yé e, kí ó béèrè. Bí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó sọ. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan sàn ju ẹ̀mí kan lọ.

Ipa tiwa

Ní ilé ìwòsàn wa, àwọn ẹbí ni wọ́n ń jókòó ti aláìsàn. Nítorí náà, olórí nọ́ọ̀sì a máa fún àwa náà ní iṣẹ́. Ó lè ní kí a po àpò SRO 1 mọ́ omi mímọ́ lítà 1, kí a sì máa fi ṣíbí fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ó lè ní kí a ka iye ìgbà tí ọmọ ń mí ní ìṣẹ́jú 1 nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ọmọ oṣù 2 sí 11 bá mí tó ìgbà 50, tàbí bí ọmọ ọdún 1 sí 5 bá mí tó ìgbà 40, èémí náà ti yára jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí, ẹ mú ìwé kékeré àti kálámù dání. Ẹ kọ wákàtí tí aláìsàn mu oògùn, wákàtí tí ó bì, àti wákàtí tí ó tọ̀. Àkọsílẹ̀ yín yóò ran nọ́ọ̀sì tí ó gba iṣẹ́ ní òru lọ́wọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ta ni ó ń ṣọ́ aláìsàn yín lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan omi tí a so kọ́ fún un, ẹ má sì ṣe fún un ní àgbo ní ìkọ̀kọ̀.

Bí ẹ bá sì gbé ọmọ dé, tí ẹ rí i pé èrò pọ̀, ẹ má ṣe jókòó láìsọ̀rọ̀ bí ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin wọ̀nyí bá wà: ọmọ kò lè mu omi tàbí ọmú, ó ń bi gbogbo ohun tí ó bá jẹ, gìrì ti mú un, tàbí ó ń sùn láìṣeé jí. Ẹ rìn tààrà lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere. Bí ẹlòmíràn bá sì gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú yín, ẹ yà fún un.